Kì í Ṣe Ojú Ènìyàn Ni Ó Pa Òdòdó Náà

Ìwé kan wà níwájú wa lọ́sẹ̀ yìí tí a kò lè fi sílẹ̀ láìdáhùn, nítorí ọ̀ràn inú rẹ̀ lè da àárín aládùúgbò méjì rú bí a kò bá tètè là á yé wọn. Ìyá wa kan ní Ìwó ni ó kọ ọ́. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin tí ó ń gbé ní Ìlú Ọba ra ilé, ó gbin igi ápù méjì sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì na àjàrà kan mọ́ ara ògiri. Ní ọdún kẹta tí igi wọ̀nyí ti wà nílẹ̀, wọ́n tanná ní oṣù kẹrin ti òyìnbó (mo ní ti òyìnbó o, kí ẹnikẹ́ni má baà ro Rabiul-Aakhir sí i). Òdòdó náà funfun báláú, ojú kò lè kúrò lára rẹ̀. Aládùúgbò kan yọjú láti orí ọgbà, ó wò ó, ó yìn ín, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, òdòdó ti wọ́ bí ewé tábà gbígbẹ, àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka àjàrà sì ti rọ, wọ́n dúdú bí ẹ̀fọ́ tí a da omi gbígbóná lé lórí. Ìyá wa ń bèèrè àdúà tí ọmọ òun yóò máa kà sí ìdí igi nítorí ojú ọkùnrin yìí, ó sì tún ń bèèrè bóyá kí ọmọ òun má kí i mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa, kí ọmọ yín máa kí aládùúgbò rẹ̀. A kò sọ pé kò sí ojú. Ẹni tí ó bá kéwú mọ ohun tí Ànábì wa sọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó di ẹ̀sùn ru ọmọ ẹlòmíràn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ojú ọjọ́ ṣe ní òru náà. Kí ọmọ yín rìn yí àdúgbò ká, kí ó wo igi ápù àwọn ẹlòmíràn, pàápàá jù lọ ti ọkùnrin tí ẹ ń fura sí bí ó bá ní. Bí ti wọn náà bá rí bákan náà, ẹ ti rí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ náà. Ìrì dídì ni orúkọ rẹ̀.

Àwa tí a wà nílé níbí kò mọ̀ ọ́n. Yìnyín tí àwa mọ̀ ni èyí tí ó ń bá òjò bọ̀, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà, àti èyí tí ó wà nínú fíríìjì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ìrì. Ẹni tí ó bá ń tètè jí lọ sí mọ́sálásí yóò ti ṣàkíyèsí pé koríko tí ó wà ní gbangba a máa tutù rinrin, nígbà tí èyí tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò a gbẹ. Mọ́tò tí ó sùn síta a lómi lórí; èyí tí ó sùn lábẹ́ àtíbàbà kì í ní. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ àti ohun gbogbo tí ó wà lórí rẹ̀ a máa gba ooru oòrùn sára lọ́sàn-án, bí alẹ́ bá sì lẹ́, wọn a máa tú u sílẹ̀ padà sí ojú ọ̀run. Ohunkóhun tí ó bá bo òkè, ìbáà ṣe ewé igi, ìbáà ṣe òrùlé, ìbáà ṣe àwọsánmọ̀ tí ó ṣú, yóò dá díẹ̀ padà nínú ooru náà, bí ìbora ti ń ṣe fún ẹni tí ó sùn. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀run bá mọ́ gaara, tí ìràwọ̀ pọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, ooru náà ti lọ nìyẹn.

Níhìn-ín, ìrì lásán ni ó ń ti ẹ̀yìn èyí jáde. Ní Ìlú Ọba, ní ilẹ̀ Faransé, ní ilẹ̀ Tọ́kì àti ní àwọn ibòmíràn tí wọ́n ní ìgbà òtútù, ara ewé àti òdòdó lè tutù kọjá 0 dígírì tí omi fi ń dì, ìrì yóò sì di yìnyín wẹ́wẹ́ funfun lórí wọn. Ìgbà tí oòrùn fẹ́ yọ ni òtútù náà ń le jù. Àwa tí a ń pe ìrun Sùbùhì kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìwé ìyá wa. Ojú ọ̀run tí ó mọ́ ni ó jẹ́ kí oòrùn ràn tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi jáde síta wá wo òdòdó. Ojú ọ̀run kan náà, nígbà tí kò ṣú ní alẹ́, ni ó jẹ́ kí ooru ilẹ̀ sá lọ. Ẹni tí ó yin òdòdó àti ohun tí ó pa á, ojú ọjọ́ kan náà ni ó mú àwọn méjèèjì wá.

Ẹnìkan lè wí pé: igi wọ̀nyí ṣáà ń dúró nínú òjò dídì láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì, èé ṣe tí kò pa wọ́n nígbà náà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí òtútù ti ń lọ ni ó ń pa òdòdó? Ìbéèrè tí ó dára ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà òtútù, igi ń sùn. Ìrudi rẹ̀ dì pinpin. Ìrudi ápù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú lè fara da òtútù bí 9 dígírì nísàlẹ̀ 0 kí ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn tó kú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti pa á fún ọjọ́ mélòó kan, igi yóò jí, omi yóò gun ẹ̀ka, ìrudi yóò sì là. Láti ọjọ́ náà lọ, agbára rẹ̀ láti fara da òtútù ń dínkù ni. Nígbà tí òdòdó ápù bá là tán, bí òtútù bá dé 2 dígírì nísàlẹ̀ 0 fún ìdajì wákàtí, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá òdòdó yóò kú; bí ó bá dé bí 4, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò lọ. Ẹ wo bí àlàfo náà ti kéré tó! Dígírì méjì péré ni ó wà láàárín àgbẹ̀ tí ó pàdánù díẹ̀ àti àgbẹ̀ tí kò ní rí nǹkan kan kó lọ sí ọjà. Ewé àjàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ náà rí bẹ́ẹ̀; dígírì kan tàbí méjì nísàlẹ̀ 0 ti tó láti bà á jẹ́.

Ohun tí òtútù ń ṣe nínú wọn, ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ ọ́n nínú ilé ìdáná. Ẹ fi tòmátì tútù sínú fírísà kí ó dì, kí ẹ sì gbé e jáde kí ó yọ́. Ṣé ó tún lè dúró bí ó ti wà? Yóò rọ jọ̀bọ̀tọ̀, omi yóò sì máa jáde lára rẹ̀, nítorí yìnyín ti fa omi kúrò nínú ara rẹ̀, ó sì ti ya á nínú. Bẹ́ẹ̀ ni ti òdòdó rí. Ẹ̀bù kékeré tí ó wà láàárín rẹ̀, èyí tí ì bá di èso, ni ó ń kọ́kọ́ kú.

Nítorí náà, ooru tí ó bá tètè dé ni àgbẹ̀ eléso ń bẹ̀rù jù. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2021 ń parí lọ, ooru mú ní ilẹ̀ Faransé bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Àjàrà ń rúwé, igi eléso ń tanná, inú àwọn ènìyàn sì ń dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òtútù fi padà dé. Ní òru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, àti ní àwọn òru tí ó yí i ká, ìrì dídì bo ọgbà àjàrà àti oko èso káàkiri orílẹ̀-èdè náà, láti Chablis títí dé àfonífojì odò Rhône. Julien Denormandie, ẹni tí ó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn nígbà náà, sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àjálù tí ó tóbi jù tí ó bá iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n para pọ̀ lábẹ́ orúkọ World Weather Attribution yẹ ọ̀ràn náà wò ní ọdún yẹn kan náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ayé ti ń gbóná sí i, òru olótùútù ń dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi ń tètè jí ju bí òtútù ti ń tètè lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìrì dídì tí ń bá àjàrà lẹ́yìn tí ó ti rúwé, irú ti ọdún náà, ti fi ìwọ̀n bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ni ju ti àtijọ́ lọ. Kí ẹni tí ó gbọ́ pé ayé ń gbóná má rò pé àgbẹ̀ eléso ti bọ́ lọ́wọ́ òtútù.

Kí ni ọmọ ìyá wa yóò wá ṣe nígbà mìíràn? Ẹ̀yìnkùlé kékeré ni tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì nira. Láti ìgbà tí igi bá ti ń rudi títí di àárín oṣù karùn-ún, kí ó máa gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá sọ pé òru yóò mọ́ gaara, tí afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́, tí òtútù yóò sì súnmọ́ 0, kí ó mú aṣọ ìbora àtijọ́ tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ọgbà, kí ó fi bo igi náà kí oòrùn tó wọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbóná. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ balẹ̀ yí ká, nítorí inú ilẹ̀ ni ooru tí a fẹ́ há mọ́ abẹ́ rẹ̀ ti ń jáde; ẹni tí ó bá fi aṣọ wé orí igi bí gèlè, tí ó sì fi ìdí sílẹ̀ ní gbangba, kò ṣe nǹkan kan. Kí ó ri igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́lẹ̀ tí aṣọ yóò gbé lé kí ó má baà fara kan òdòdó, ní pàtàkì bí ó bá jẹ́ ọ̀rá, nítorí ibi tí ọ̀rá bá ti kan ewé ni òtútù yóò ti gbà wọlé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó ṣí i kí oyin lè rí ọ̀nà dé ìdí òdòdó. Mo ti gbọ́ ti ẹni tí ó bo igi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láìṣí i. Òtútù kò pa òdòdó rẹ̀, ṣùgbọ́n oyin kò dé ibẹ̀, kò sì rí èso kankan jẹ.

Kí ó tún ro abẹ́ igi náà mọ́, kí ó má jẹ́ kí koríko gíga tàbí ìdọ̀tí ewé bo ilẹ̀ ní àkókò yìí. Ilẹ̀ tí ó mọ́, tí ó dúdú, tí ó sì tutù díẹ̀ nínú ni ó ń gba ooru oòrùn pamọ́ jù. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, kí ó bomi rin ín ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Ti àjàrà, ó ṣe dáadáa tí ó nà án mọ́ ara ògiri, nítorí bíríkì náà a máa gba ooru pamọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má yára gé ẹ̀ka rẹ̀. Ìrudi tí ó wà ní ìkángun ẹ̀ka àjàrà ni ó ń kọ́kọ́ là, òun ni ó sì ń dá àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ dúró. Bí a bá fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ ní gígùn títí ìgbà òtútù yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, kí ti òkè là kí òtútù sì pa á, ti ìsàlẹ̀ tí a nílò ṣì ń sùn. Lẹ́yìn náà ni a ó wá gé e kúrú.

Àwọn tí wọ́n ní oko ńlá kò lè fi aṣọ bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà: iná, afẹ́fẹ́ àti omi. Àwọn ará Chablis ni ayé mọ̀ sí ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ọtí ni wọ́n ń fi àjàrà wọn ṣe, ọtí wọn kò sì kàn wá. Ṣùgbọ́n àjàrà tí ẹnìkan fi ṣe ọtí àti èyí tí ẹlòmíràn sá gbẹ fún jíjẹ, igi kan náà ni, ọgbọ́n tí a fi ń gba ewé rẹ̀ là sì yẹ ní kíkọ́.

Láti ayé àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ti ń dáná koríko àti ẹ̀ka gígé sínú ọgbà àjàrà ní òru olótùútù, kí èéfín lè bo igi. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ṣì rò pé èéfín ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí àjọ FAO, èyí tí ó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ fún gbogbo ayé, tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 lórí ọ̀ràn yìí sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: ooru ilẹ̀ ń gba inú èéfín kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ooru iná ni ó ń ṣe é. Iná kékeré púpọ̀ sì sàn ju iná ńlá díẹ̀ lọ, nítorí ooru iná ńlá a lọ tààrà sókè, a kọjá orí igi, a sì fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to àbẹ́là ńláńlá inú garawa sí àárín àwọn ẹsẹ̀ àjàrà, bí 300 sí 500 lórí hẹ́ktà kan, tí wọ́n ń tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní òru. Ẹni tí ó bá rí àwòrán rẹ̀, bí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ti ń tàn yòò, yóò ní ó dára. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n owó tí ó ń jóná ni. Bí òtútù bá padà wá ní òru mẹ́ta sí mẹ́rin léra wọn, àwọn mìíràn a ní kí ó máa pa àjàrà, nítorí owó àbẹ́là ti fẹ́ ju owó èso lọ.

Ti afẹ́fẹ́ yóò ya ẹni tí kò mọ̀ lẹ́nu, nítorí a rò pé afẹ́fẹ́ ni ó ń mú òtútù wá. Ní òru tí ó dákẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó tutù jù ni ó wúwo, òun ni ó ń sùn mọ́lẹ̀. Èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà lókè orí igi. Wọ́n wá gbé fáànù ńlá lé orí òpó gíga tí ó tó bí mítà 10, ó ń yí, ó ń fa ti òkè wálẹ̀ wá pò mọ́ ti ìsàlẹ̀. Fáànù kan lè ṣọ́ bí hẹ́ktà 4 sí 5. Àwọn olówó tilẹ̀ ń háyà hẹlikọ́pítà kí ó máa rà bàbà lórí oko títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ṣùgbọ́n ti omi ni ó jọ mí lójú jù. Wọ́n ń fọ́n omi sórí ewé àti òdòdó ní òru tí òtútù ń pa omi di yìnyín! Ẹni tí a kò bá ṣàlàyé fún yóò ní orí wọn kò pé. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé omi kì í dì lásán. Kí ó tó di yìnyín, ó gbọ́dọ̀ tú ooru tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ooru tí lítà omi kan ń tú sílẹ̀ bí ó ti ń dì tó èyí tí yóò gbé lítà omi mìíràn láti 0 dígírì dé 80, tí yóò fi jó ọwọ́. Nítorí náà, bí omi ti ń dì lé òdòdó lórí láìdáwọ́dúró, bẹ́ẹ̀ ni ooru kékeré yìí ń dé ara òdòdó, tí kò fi lè tutù kọjá 0. Òdòdó yóò wà nínú yìnyín tí ó mọ́ bí díńgí, yóò sì wà láàyè, nítorí 0 kò pa á. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ 0 ni ó ń pa á.

Ewu rẹ̀ wá wà nínú ìdáwọ́dúró. Ẹ rántí ìkòkò amù tí àwọn ìyá wa àgbà ń lò. Omi a máa jò díẹ̀díẹ̀ sára ìkòkò náà, afẹ́fẹ́ a máa fà á gbẹ, omi inú rẹ̀ a sì tutù nini láìsí fíríìjì. Omi tí afẹ́fẹ́ ń fà gbẹ a máa kó ooru lọ, ooru tí ó sì ń kó lọ ju ìlọ́po méje èyí tí ó ń tú sílẹ̀ bí ó bá dì. Bí ẹ̀rọ omi bá kú ní agogo mẹ́ta òru, òdòdó tí ó ti tutù rinrin yóò di ìkòkò amù, yóò sì tutù ju ti ẹni tí kò fọ́n omi rárá lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fọ́n ọn títí oòrùn yóò fi yọ, tí yìnyín yóò sì máa yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí omi kànga rẹ̀ kò tó, tàbí tí kò ní jẹnẹrétọ̀ kejì nílẹ̀, kí ó má dá a láṣà.

Mo ti sọ pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí omi, ó sì ń dúró sínú kòtò. Igi tí a gbin sí ìsàlẹ̀ àfonífojì ni ó ń kú, nígbà tí ti àárín òkè ń bẹ láàyè. Bí ènìyàn bá mọ ògiri tàbí ọgbà igi dí ìsàlẹ̀ oko tí ó dà gẹ̀rẹ́, ó ti mọ odi fún òtútù nìyẹn, yóò gbá jọ síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tí yóò gbà jáde. Ẹni tí oko rẹ̀ wà létí adágún omi ńlá ní ànfààní, nítorí omi kì í tètè tutù bí ilẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí ó fara balẹ̀ yan ibi tí yóò gbin igi rẹ̀ sí ti ṣe ju ẹni tí ó ra ọgọ́rùn-ún àbẹ́là lọ.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ti òru tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ ni. Òtútù mìíràn wà tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ìyẹn bá dé, kò sí ooru lókè tí fáànù yóò fà wálẹ̀. Ooru àbẹ́là yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi tí a fọ́n yóò máa gbẹ, yóò sì di ọ̀tá. Irú èyí, pẹ̀lú òjò dídì ní ọ̀pọ̀ ibi, ni ó kọ lu ilẹ̀ Tọ́kì láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ó ba àjàrà, ápù àti ṣẹ́rì jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó sì dé Manisa tí wọ́n ti ń sá àjàrà gbẹ tà fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Malatya ni ó dùn mí jù.

Ápíríkọ́tì ni iṣẹ́ àwọn ará Malatya. Èso kékeré aláwọ̀ òfeefèé ni, ó ní kóró kan nínú. Àwọn tí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà àti Mọ̀dínà yóò ti rí gbígbẹ rẹ̀ lórí àtẹ àwọn onídàbínù. Àwọn ará Damáskù ń pò ó pẹlẹbẹ bí awọ, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń yọ́ ọ sínú omi mu nígbà ìṣínu ààwẹ̀. Kamarudiini ni wọ́n ń pe ohun mímu náà, orúkọ tí àwa náà ń sọ ọmọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ápíríkọ́tì gbígbẹ tí ayé ń rà, láti ilẹ̀ Tọ́kì ni ó ti ń wá, Malatya ni ó sì ń pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀. Tọkọtaya àti àwọn ọmọ ni ó ń gbọn igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń yọ kóró, tí wọ́n ń sá a sóòrùn. Owó rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ìyàwó, tí wọ́n ń fi san owó ilé ẹ̀kọ́. Igi yìí ní àléébù kan: ó máa ń tètè tanná ju ápù lọ, nítorí náà òun ni òtútù àìròtẹ́lẹ̀ ń tètè bá. Ní ọdún 2025, òdòdó ti ń rẹ̀, èso wẹ́wẹ́ ti ń yọ, nígbà tí òtútù dé. Èso wẹ́wẹ́ náà kò lágbára ju òdòdó lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú èso ọdún náà bá a lọ. Ẹ sì rántí pé Malatya wà lára àwọn ìlú tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023 wó lulẹ̀, èyí tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 50,000 ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì kọ́ ilé wọn tán tí oko tún fi lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn alufaa kan yóò rántí ẹsẹ̀ 117 nínú Suuratu Aali Imraan, níbi tí a ti fi afẹ́fẹ́ olótùútù tí ó ba oko jẹ́ ṣe àpèjúwe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á yọ lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àpèjúwe ni, lórí bí àwọn kan ti ń ná owó wọn. Kì í ṣe ìwé ẹ̀sùn tí a ó máa kà sí etí àgbẹ̀ tí òtútù ba oko rẹ̀ jẹ́. Ìyá wa ní Ìwó ń fura sí aládùúgbò; ẹlòmíràn a máa fura sí ẹni tí òfò ṣẹ̀ gan-an, ìyẹn tilẹ̀ burú ju ti ìyá wa lọ.

Ohun tí ó ran àwọn kan lọ́wọ́ níbẹ̀ ni ètò ìdójútòfò oko tí wọ́n ń pè ní TARSİM. Ìjọba ń bá àgbẹ̀ san apá kan nínú owó rẹ̀, ìrì dídì sì wà lára ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí fún ẹni tí ó bá forúkọ èyí sílẹ̀. Ẹni tí kò wọ inú ètò náà kí òtútù tó dé kò rí nǹkan gbà níbẹ̀.

Ó ku ohun tí ènìyàn yóò ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ó má tíì gé nǹkan kan. Kí ó dúró títí di ọ̀sán, kí ó já òdòdó bíi mẹ́wàá láti ara ẹ̀ka òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ó fi abẹ la àárín wọn. Èyí tí àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé wà láàyè, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ ti rọ. Èyí tí àárín rẹ̀ dúdú ti kú, bí ó tilẹ̀ ṣì funfun lójú. Igi ápù tí ó bá ku òdòdó kan láàyè nínú mẹ́wàá lè ṣì so èso tí ó tó jẹ nínú ilé. Àjàrà tilẹ̀ sàn jù, nítorí nínú ojú kan lára ẹ̀ka rẹ̀, ìrudi mẹ́ta ni ó fara pamọ́ síbẹ̀. Bí òtútù bá pa àkọ́kọ́, ìkejì yóò yọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èso rẹ̀ ni kò ní pọ̀ tó. Ápíríkọ́tì kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún tí ń bọ̀. Síbẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí kò so yìí gan-an ni igi náà yóò ti ṣẹ̀dá ìrudi tí yóò tanná ní ọdún kejì, nítorí náà wọn kì í pa á tì nítorí pé kò ní èso lórí: wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ń ro ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń lé kòkòrò kúrò lára ewé rẹ̀ bí ẹni pé ó so kún.